Káfíńtà Tó Wọ Kòtò Góòlù

Káfíńtà ni bàbá mi, Olúmúyìwá Ọdúntán, ní Iléṣà. Ó tún máa ń wàásù ní ìjọ wa, títí di ọdún 1994, nígbà tó ní Jésù kò kú fún gbogbo ayé. Àwọn tí Ọlọ́run ti yàn nìkan ló kú fún, ọ̀kan nínú wọn kò sì ní ṣègbé. Àwọn àgbà ìjọ ní kó kó ọ̀rọ̀ náà jẹ. Ó kọ̀. Wọ́n ní kó má wàásù mọ́.

Kò bá wọn jà. Ní gbogbo Sátidé, á gbé Bíbélì rẹ̀, á lọ wàásù fún àwọn tó ń wa góòlù ní Ìtagúnmódì. Àjàgbé, ọ̀kan nínú wọn, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bàbá Káfíńtà, tí kì í bá ṣe gbogbo wa ni Jésù kú fún, kí lẹ wá ṣe níbí?"

"N kò mọ ẹni tó yàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pe gbogbo yín."

Lọ́jọ́ kan nígbà òjò, ẹ̀gbẹ́ kòtò ya lu Àjàgbé, erùpẹ̀ bò ó dé àyà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sá sẹ́yìn, nítorí ilẹ̀ ṣì ń ya. Bàbá bọ́ ẹ̀wù, ó wọ kòtò, ó ní kí wọ́n máa na àwọn pákó tó wà létí kòtò sí òun. Ó ń fi pákó ti ẹ̀gbẹ́ kòtò, ó ń fi ọwọ́ wa erùpẹ̀.

Ẹnì kan kígbe látòkè: "Ẹ jáde o, Bàbá! Ẹni tó ń fi yín ṣẹlẹ́yà mà ni! Ṣé ó dá yín lójú pé ó wà lára àwọn tí Ọlọ́run yàn ni?"

"Ta ló sọ fún ọ pé kò sí lára wọn? Na pákó wá!"

Wọ́n fa Àjàgbé jáde láàyè, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán.

Nígbà tó lè rìn, ó tiro wá sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá. Mo wà níbẹ̀, mò ń gbá èérún pákó. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà.

"Bàbá, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá Jésù kú fún èmi?"

Bàbá gbé ayùn kalẹ̀. "Wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Kì í lé ẹni tó bá wá. Bí o bá ti wá, tirẹ̀ ni ọ́."

Àjàgbé bú sẹ́kún.

Títí Bàbá fi darúgbó, kò kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, wọn kò sì jẹ́ kó wàásù ní ìjọ wa mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé Ìtagúnmódì, tí wọ́n bi mí pé ọmọ ta ni mí, ohùn rara ni mo fi ń sọ pé ọmọ Bàbá Káfíńtà ni mí.