Etí Kan Ṣoṣo Tó Kù fún Ọkọ Kékeré

Àbúrò ọkọ mi ni, Ọkọ Kékeré ni mo ń pè é. Ìjà ni mo fi mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé wọn, ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣàn nímú ẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín: “Ìyàwó wa, má bẹ̀rù. Ẹnì kejì ni kó o lọ wò.”

Iṣẹ́ tó kọ́ náà, lílù ni. Panẹbítà ni, òun ló ń lu ara mọ́tò tó ti tẹ̀ kó lè tọ́ padà. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń fi hámà lu irin, ariwo hámà náà sì lu etí òsì ẹ̀ pa. Ọ̀tún nìkan ló kù. Bó bá lu mọ́tò tán, á dijú, á fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára lọ, pa á lára bọ̀, á ní, “Ojú a máa parọ́, ọwọ́ kì í parọ́. Ó ṣì kù díẹ̀ níbí.”

Ohun kan ṣoṣo ló ń mú un rọ̀: àjọ̀dún orin jáàsì tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún ní pápá bọ́ọ̀lù. Bí wọ́n bá ti fun fèrè ńlá onídẹ tó tẹ̀ lọ́rùn yẹn, ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń sá fún á dà bí ọmọ tó mu ọmú yó. Òpin ìlà iwájú lápá òsì ló máa ń jókòó sí, kí etí ọ̀tún lè kọjú sí àwọn eléré.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, birikìlà kan ń pariwo lẹ́yìn ẹ̀ nígbà tí fèrè ń lọ lọ́wọ́. Ọkọ Kékeré kìlọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ̀ṣẹ́ ló fi sọ̀rọ̀, eyín méjì bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ní, “Bó o bá tún gbọ́wọ́ sókè síni níbí, o ò ní gba géètì yìí wọlé mọ́ láyé ẹ.”

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo bá a lọ kí n lè máa ṣọ́ ọ. Èmi tí mo lọ ṣọ́ni!

Fèrè ṣẹ̀ṣẹ̀ dún ni birikìlà yọ lẹ́yìn wa pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n ẹ̀. “Panẹbítà, eyín mi dà?”

Ọkọ Kékeré ò wẹ̀yìn. Gbàmù! Wọ́n lu ọrùn ẹ̀. Ó ki ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, ó jókòó lé wọn. Ẹ̀gbọ́n ta àga nídìí ẹ̀, ó ṣubú lulẹ̀, wọ́n fi bàtà tẹ̀ ẹ́ níhà. Ó dìde, ó gbé àga nàró, ó tún jókòó lé ọwọ́ ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti rin ẹ̀wù ẹ̀.

Mo kígbe, “Wọ́n á pa ọ́ o!”

“Ìyàwó wa, jókòó. Mi ò jà. Jẹ́ kí n gbọ́ fèrè.”

Ni birikìlà bá la gbogbo àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ọn létí ọ̀tún. Ó dún bí ìgbà tí pákó ṣẹ́. Ọkọ Kékeré yíjú sí mi.

“Ìyàwó wa, ṣé wọ́n ti ṣe tán ni?”

Fèrè náà sì ń ké lọ́wọ́ débi pé pákó ìtàgé ń mì.

Mi ò mọ ìgbà tí bàtà mi dé ọwọ́ mi. Mo fi gìgísẹ̀ ẹ̀ la iwájú orí birikìlà. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ dì mí mú, mo gé e jẹ lápá títí ẹ̀jẹ̀ fi kún mi lẹ́nu. Ọkùnrin mẹ́ta ló gbé mi jáde, mo ṣì ń ta wọ́n nípàá.

Ẹ̀ṣọ́ nawọ́ sí èmi àtàwọn méjèèjì. “Ẹ̀yin mẹ́ta, ó tán! Ẹ má wá síbí mọ́.” Ó wo Ọkọ Kékeré. “Ìwọ ò gbọ́wọ́ sókè. Ìwọ lè máa wá.”

Etí náà ò là mọ́. Dókítà ní awọ inú ẹ̀ ti ya. Síbẹ̀, nígbà tí àjọ̀dún tọdún yìí pé, ó múra. Mo kọ̀wé sí i: “Kí lo fẹ́ gbọ́?” Ó rẹ́rìn-ín sí mi.

Ara wáyà ọgbà ni mo wà níta bí ewúrẹ́ tí wọ́n lé lóko. Mo rí i tó fa àga mọ́ ìtàgé, tó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé pákó, tó dijú. Fèrè ké, ó ké, ó rọlẹ̀ pátápátá. Gbogbo èèyàn rò pé ó parí, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọkọ Kékeré nìkan ni ò gbọ́wọ́ kúrò lórí pákó.

Lóòótọ́, ó ṣì kù díẹ̀.