Ẹni Tó Ki Alága Ló Gbaṣẹ́

Obìnrin kan kú ní Ìkọ̀lé nítorí pé àgbà mẹ́ta gbé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún ẹni tó mọ oríkì, wọ́n sì dá ẹni tó mọ iṣẹ́ padà sílé.

Èmi ni mo ń ṣàkóso ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà, àwọn àgbà mẹ́ta yìí ló ni ín. Ohun tó ṣe iyebíye jù nínú kọ̀ǹpútà wa kì í ṣe èsì àyẹ̀wò, torí a máa ń tẹ ìyẹn lé oníkálukú lọ́wọ́. Orúkọ àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ ni: irú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ní àti nọ́ńbà fóònù wọn, láti Ìkọ̀lé títí dé Ayédé àti Iye. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kó o jọ, láti ṣọ́ọ̀ṣì dé ọgbà yunifásítì. Nígbà tí ẹ̀rọ náà ń kú lójijì, mo sọ fún wọn pé ká wá ẹni tí yóò máa bójú tó o.

Ẹni méjì ló wá. Obìnrin kan láti Iye ló kọ́kọ́ wọlé. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó jókòó, ó sì béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí kọ̀ǹpútà yìí bá jóná lónìí, ibo lẹ ti máa rí orúkọ àwọn èèyàn yìí?"

Alága, olórí àwọn àgbà náà, wò ó. "Ṣé o wá ṣépè fún wa ni?"

"Rárá o, sà. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀dà rẹ̀ wà níbòmíràn ni."

"Ọlọ́pàá ni wọ́n rán sí wa," ni àgbà kejì wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkùnrin kan wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì, kò sì dìde. Ó ń ki alága láti orí baba ńlá rẹ̀ bọ̀ wálẹ̀, títí dé oko tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbin kòkó. Alága yọ gíláàsì, ó nu ojú.

"Ọmọ ulé wa rè é," ó wí. "Ẹ gbé uṣẹ́ náà fún un."

Kò sẹ́ni tó bi í ní ohunkóhun. Mo kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé kó máa tọ́jú ẹ̀dà kan síta ilé náà. Alága fi bírò fa ìlà yẹn rẹ́. "Ìwọ ọmọbìnrin yìí, ṣé bí àjèjì lo fẹ́ máa bá ọmọ wa lò?"

Mo gbà bẹ́ẹ̀. Mi ò sì fọwọ́ ara mi da orúkọ àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ kọ sínú ìwé kankan. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mi ò gbé e fún ẹlòmíràn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, iná ìjọba dé, ó pọ̀ jù, kọ̀ǹpútà wa rú èéfín. Ọkùnrin náà wá, ó tú u, ó ń họrí.

"Ẹ̀dà ńkọ́?" mo bi í.

"Ó wà níbẹ̀, mà."

"Níbẹ̀ wo?"

Ó nàka sí ẹ̀rọ tó jóná. "Inú rẹ̀ ni mo fi í sí. Fáìlì ọ̀tọ̀ ni."

Mo lọ sọ fún alága. Ó ní, "Ẹ̀rọ ló jóná, kì í ṣe èèyàn."

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n gbé obìnrin kan láti Ayédé wá sí ilé ìwòsàn tó múlé tì wá. Ó ti bímọ, ẹ̀jẹ̀ ò dá. Mo mọ̀ ọ́n. Òun fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. O nẹ́gétíìfù ni, irú tó ṣọ̀wọ́n, tí kì í gba òmíràn mọ́ra. Ọ̀kadà ló máa ń gùn wá. "Àǹtí Ẹlẹ́jẹ̀," á ní, "ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù tí màá fi lọ sóko o."

Ilé ìwòsàn ò ní irú ẹ̀jẹ̀ náà nípamọ́, wọ́n ránṣẹ́ sí mi. Mo rántí ojú àwọn tó ní in. Mi ò rántí nọ́ńbà ẹnì kankan. Mo rántí ṣọ́ọ̀ṣì tí olùkọ́ kan nínú wọn ń lọ. Mo gun ọ̀kadà débẹ̀, wọ́n júwe ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀; mo dé ilé ẹ̀kọ́, wọ́n júwe oko rẹ̀. Nígbà tí mo fi mú un dé, wọ́n ti fi aṣọ bo ojú obìnrin náà.

Olùkọ́ náà ti ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè. "Fóònù wà lápò mi láti àárọ̀," ó wí. "Kí ló dé tí ẹ ò pè mí?"

Ọkùnrin kọ̀ǹpútà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo kọ lẹ́tà sí alága. Ó ní kí n fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ọlọ́run kọ́ ló mú bírò fa ìlà yẹn rẹ́.

Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mò ń bi. Kí lẹ bi ọkùnrin yẹn kí ẹ tó gbéṣẹ́ fún un? Kí ló wà nínú ìlà kan ṣoṣo yẹn tó bí yín nínú? Ta nínú yín ló máa lọ sí Ayédé, kó lọ sọ fún ọkọ obìnrin náà ìdí tí a ò fi rí ẹni pè? Ẹ kọ ìdáhùn yín sílẹ̀, kí ẹ fọwọ́ sí i.