Ère Tí Kò Dáhùn Ìkíni

Ọjọ́ tí télọ̀ wá bá Ẹ̀gbọ́n Àgbà fa ọ̀rọ̀ nílé ni gbogbo àdúgbò mọ irú ẹni tí Alámọ̀, àbúrò rẹ̀, jẹ́.

"Ìyá, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?" Télọ̀ ò tilẹ̀ jókòó. "Mo kí yín lóko láàárọ̀, ẹ ò dáhùn. Mo dọ̀bálẹ̀, ẹ kàn ń wò mí ni."

"Èmi tí ẹsẹ̀ ń dùn, tí n ò kúrò lórí àga yìí?"

"Ìyá, ẹ dákun. Bùbá tí mo fọwọ́ ara mi rán ló wà lọ́rùn yín!"

Bùbá yẹn ni Ẹ̀gbọ́n Àgbà ti ń wá láti ọjọ́ mélòó kan. Ó mú ọ̀pá, ó di oko. Ó bá ara rẹ̀ lóòró láàárín àgbàdo, tòun ti gèlè, tòun ti ètè tó ń yọ síta bí inú bá ń bí i. Amọ̀ lásán ni.

"Ẹyẹ ni mo fi ń lé, ẹ̀gbọ́n mi," ni Alámọ̀ wí. "Mo kọ́kọ́ mọ ẹlòmíì, wọn ò bẹ̀rù rẹ̀."

Bí Alámọ̀ ṣe rí nìyẹn, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ilẹ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀ kéré, ibẹ̀ náà ló ti ń jẹ, ibẹ̀ ló ti ń mọ ère. Kòtò tó ti ń wa amọ̀ ló ń gba omi òjò dúró, omi náà ló sì fi ń bomi rin ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó mọ ère bàbá wọn pẹ̀lú. Bàbá pá lórí wọnú sàréè ni o, ṣùgbọ́n Alámọ̀ gbin ẹ̀wà sí àtàrí ère náà, ó ní ó tó gẹ́ẹ́ kí bàbá hurun. Ẹ̀gbọ́n Àgbà bínú títí wọ́n fi kórè irun náà. Ó jẹ nínú rẹ̀ ṣá.

Láti fi tu télọ̀ lójú, Alámọ̀ ṣèlérí pé ère náà kò ní yájú sẹ́nikẹ́ni mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti kọjá, tó ní "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá," òun á dáhùn láti àárín ebè pẹ̀lú ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gẹ́lẹ́: "O ò, ọmọ mi. Ilé ńkọ́?" Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà oko kọjá nítorí ìkíni yẹn.

"Ilẹ̀ oúnjẹ ni bàbá fi sílẹ̀, kì í ṣe ilẹ̀ ère," ni Ẹ̀gbọ́n Àgbà máa ń wí. "Màá fọ́ gbogbo wọn lọ́jọ́ kan."

"Ẹ jẹ́ kí n kú ná."

Àwàdà ló fi ṣe. Ó sì kú lóòótọ́, nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ̀. Àwọn tó wẹ̀ ẹ́ kò lè fọ amọ̀ abẹ́ èékánná rẹ̀ tán. Ẹ̀gbọ́n jókòó, ó ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ: "Èmi ni mo dàgbà jù. Èmi ni."

Bí òjò bá ti dá ni Alámọ̀ máa ń tún ojú àwọn ère ṣe. Báyìí, kò sẹ́ni tó ń tún wọn ṣe mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ẹ̀gbọ́n Àgbà mú ọkọ́, ó lọ láti fọ́ wọn bó ṣe wí. Òjò ti gbé imú ère tirẹ̀ lọ. Ó gbé ọkọ́ sókè.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá!"

Télọ̀ ni, lójú ọ̀nà. Àgbàdo ti ga, kò rí i. Ère ló ń kí bó ṣe máa ń kí i. Ó dúró díẹ̀, bí ẹni ń retí èsì. Nígbà tó rántí pé Alámọ̀ ti kú, ó fi apá nu ojú, ó yí padà.

Ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n Àgbà.

"O ò, ọmọ mi," ló wí láàárín àgbàdo. "Ilé ńkọ́?"

Télọ̀ fi bàtà méjèèjì sílẹ̀ fún un, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ẹkún fi gba ẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò, ó bu amọ̀, ó mọ imú mìíràn fún ère náà. Imú wọ́.

"Àbúrò mi," ló wí, "ò bá ti fi mí ṣẹ̀sín lónìí."