Èèpo Kòkó Ló Sọ Mí Di Ọlọ́ṣẹ

Ọdún 1984 ni wọ́n dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́. Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì ìjọba kan l'Ọ́wọ̀, mo sì ti lo ọdún mọ́kànlá níbẹ̀. Lẹ́tà tí wọ́n fún mi kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Mo kà á tán, mo ká a, mo fi í sínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì, mo gun kẹ̀kẹ́ mi lọ sílé. Ìyàwó mi, tí ó jẹ́ tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, dé ní ọ̀sán, ó bá mi lórí àga. Ó bu omi fún mi mu, ó sì wọlé lọ dáná. Mo mọ̀ pé ó ti gbọ́.

Mo jókòó sílé fún oṣù mẹ́ta. Àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́ kọ́kọ́ ń yà kí mi. Nígbà tó yá, wọ́n ń gba ọ̀nà ibòmíràn kọjá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó mi ní kí n lọ bá òun wo ìyá òun ní Èmùrè-Ilé. Ó ní ó pẹ́ tí a ti dé ibẹ̀. Mo rò pé ó kàn fẹ́ kí n kúrò lórí àga ni.

Iye ni gbogbo wa ń pe ìyá ìyàwó mi, bí àwa ará Ọ̀wọ̀ ti ń pe ìyá. Opó ni, ó ga, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọṣẹ dúdú ló sì fi tọ́ ọmọ márùn-ún. Èdè Ọ̀wọ̀ pọ́ńbélé ló ń sọ. Mo kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síbí bí gbogbo èèyàn yóò ṣe gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, ó kí mi dáadáa, ṣùgbọ́n ìkòkò ọṣẹ rẹ̀ dojú dé lẹ́yìn ilé.

Mo ní, "Iye, ẹ ò se ọṣẹ lónìí?"

Ó ní, "Eérú ni kò sí, àna mi. Eérú èèpo kòkó ló dára jù, ẹsẹ̀ mi ò sì gbé mi dé oko mọ́. Àwọn àgbẹ̀ ń dà á nù sábẹ́ igi, ó ń jẹrà, èmi sì jókòó síbí."

N kò mọ ohun tó gbé ọ̀rọ̀ náà sí mi lẹ́nu. Mo ní, "Èmi á lọ kó o wá."

Ó wò mí. "Ẹ̀yin? Akọ̀wé?"

"Iye, mi ò kọ nǹkan kan mọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbá mi léjìká. Láti ìgbà tí mo ti gbé ọmọ rẹ̀ níyàwó, kò fọwọ́ kàn mí rí.

Ìmọ̀rù ni mo lọ, nítorí mo mọ àgbẹ̀ kan níbẹ̀ tí ó máa ń wá sí ọ́fíìsì wa láyé ijọ́un. Oko rẹ̀ kò jìnnà sí ilé rẹ̀. Òkìtì èèpo kòkó wà káàkiri abẹ́ igi, òmíràn ti dúdú, òmíràn gba omi òjò sínú bí àwo, ẹ̀fọn sì ń kùn lórí rẹ̀. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo bá wá, bàbá náà wò mí tòkè tilẹ̀.

Ó ní, "Pàǹtí lẹ fẹ́ kó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ọṣẹ la fẹ́ fi ṣe."

"Ẹni tó bá kó èèpo lónìí, ṣé kì í ṣe kòkó gan-an ni yóò kó lọ́la?"

Kò kọ̀, ṣùgbọ́n kò gbà mí gbọ́. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta àkọ́kọ́ tí mo lọ, ó ní kí n tú àpò mi dà sílẹ̀ lójú òun kí n tó kó o sínú mọ́tò. Èmi tí mo ti ń jókòó sẹ́yìn tábìlì, mo ń bẹ̀rẹ̀ ṣa èèpo kòkó padà sínú àpò níwájú àwọn ìyàwó ilé. Ó dùn mí. Mo fara dà á. Nígbà tí òjò ọdún kejì bẹ̀rẹ̀, ìyàwó bàbá náà fúnra rẹ̀ ló sọ pé ẹ̀fọn àyíká ilé wọn ti dín kù. Láti ọjọ́ yẹn, bàbá kò sọ pé kí n tú àpò mọ́. Àwọn ni wọ́n ń kó o jọ dè mí.

Lẹ́yìn ilé wa l'Ọ́wọ̀ ni a wá gbé ibi iṣẹ́ sí. Iye máa ń wọ mọ́tò wá láti Èmùrè-Ilé ní àárọ̀ Tuesday, á sì padà ní Friday. A ń sá èèpo sóòrùn títí yóò fi gbẹ, a ń sun ún di eérú, a ń da omi sí eérú náà nínú ìkòkò tí a lu nídìí, a sì ń fi sùúrù dúró de omi pupa tí ń kán láti ìdí rẹ̀. Omi yẹn ni a ń sè, kí a tó da àdín sí i. Bí Iye bá jẹ́ àlejò nílé mi, "ẹ" ló ń pè mí. Bí a bá ti dé ìdí ìkòkò, "ìwọ" ni.

"Rò ó! Ṣé o ti sùn ni?"

Orúkọ tuntun kò pẹ́ bọ́ sí mi lára. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ lẹ́yìn mi pé, "Akọ̀wé ọlọ́ṣẹ ti dé." Iṣẹ́ obìnrin ni gbogbo wọn ka ọṣẹ sísè sí. Ṣùgbọ́n ọṣẹ wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù láwọn ọdún wọ̀nyẹn, àwọn tí ń rẹ́rìn-ín sì ń rán ìyàwó wọn wá rà. Nọ́ọ̀sì kan láti ọsibítù máa ń yà nílé wa bí ó bá ṣíwọ́ iṣẹ́. Ó ní àwọn ọmọ tí kúrúnà bò lára, òun ń sọ fún ìyá wọn kí wọ́n máa fi ọṣẹ wa wẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó fi oògùn pa wọ́n lára. Àwọn ọmọ pólì náà ń rà á. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí a máa fi nylon wé e. Iye kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, "Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ, bí o bá sọ ọ́ nù, ilẹ̀ á jẹ ẹ́. Ta ni yóò jẹ nylon?" Ewé la sì fi wé e títí.

Ọdún kẹta ni ìtìjú dé bá mi. Wọ́n bẹ̀ wá fún ọṣẹ púpọ̀ nítorí Kérésìmesì, ara Iye kò sì yá lọ́sẹ̀ yẹn. Mo dá a sè. Mo kánjú. Àdín tí mo dà sí i kò tó láti pa oró omi eérú, mo sì gé e, mo wé e, mo pín in. Kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ tí ìyàwó katikíìsì wa fi bó lọ́wọ́ méjèèjì bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára. Ní ọjọ́ Àìkú, ó na ọwọ́ náà sí mi níwájú gbogbo èèyàn. Mo lọ sílé, mo pa iná ìdí ìkòkò, mo sọ fún ìyàwó mi pé ó parí.

Èmi ò mọ ẹni tó sọ fún Iye. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí i tí ó ń bọ̀, ó fi igi tilẹ̀, ara rẹ̀ kò tíì yá tán.

Ó ní, "Dìde. Wọ aṣọ rẹ."

A jọ lọ sí ilé katikíìsì. Kí n tó dọ̀bálẹ̀ tán, Iye ti kúnlẹ̀. Ìyàwó katikíìsì sáré dì í mú pé, "Háà, Mama, ẹ dìde! Ẹ ò lè kúnlẹ̀ fún mi!"

Iye ní, "Èmi ni mo kọ́ ọ. Bí ẹ bá fẹ́ bá ẹnì kan wí, èmi ni kí ẹ bá wí. Kì í ṣe inú búburú ló fi ṣe é, ìkánjú ni."

Ojú tì mí débi pé omi bọ́ lójú mi. Ìyàwó katikíìsì ló gbé e dìde, òun fúnra rẹ̀ sì ń fi àdín pa ọwọ́ náà títí ó fi jinná. A yípo ìlú, a gba gbogbo ọṣẹ náà padà lọ́wọ́ àwọn tó rà á. Mo rò pé a ó rì í mọ́lẹ̀. Iye ní rárá, ó dà á padà sínú ìkòkò, ó da àdín sí i, ó ní kí n máa rò ó.

"Ọṣẹ kì í bàjẹ́ tán," ó wí. "Ohun tí kò tó ni a ó fi kún un."

Nígbà tí a wọ àwọn ọdún 1990, àwọn obìnrin Ìmọ̀rù ní kí n kọ́ àwọn náà ní ọṣẹ sísè. N kò fẹ́. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, èèpo kò ní dé ọwọ́ mi mọ́. Mo sọ fún Iye, mo rò pé yóò gbè mí.

Ó ní, "Ṣé ìwọ lo gbin kòkó náà ni?"

Èmi àti òun ni a lọ kọ́ wọn. Ó jókòó lórí àpótí lábẹ́ igi ọsàn, ó ń pàṣẹ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èèpo Ìmọ̀rù kò dé ọ̀dọ̀ mi mọ́ lóòótọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Ìjagbà, níbi tí èèpo ti ń jẹrà nílẹ̀ láìsí ẹni tó bèèrè rẹ̀.

Iye kú ní ọdún 1996, ní àsìkò ọyẹ́. Mo se ọṣẹ fún ọdún mẹ́ta sí i, orúnkún mi ni kò jẹ́ kí n ṣe é pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì kó ìkòkò fún opó méjì tí ń bá wa ṣiṣẹ́. Mo ti gba owó oṣù ìjọba rí, mo sì mọ bí ó ti dùn tó. Ṣùgbọ́n bí mo bá rántí ọjọ́ ayé mi, kì í ṣe ọ́fíìsì ni mo ń rántí. Àárọ̀ Tuesday ni mo ń rántí, oòrùn lórí èèpo kòkó tí a sá kún ẹ̀yìn ilé, àti ohùn Iye láti ẹnu ọ̀nà, tí ó ń bi mí bóyá mo ti jẹun.