Àwọn Èèyàn Apá Òsì

Télọ̀ náà rí i. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn títí di òní nìyẹn. Ká ní kò rí i rárá ni, ì bá máa rí oorun sùn. Ó rí i, ó kà á sí ìwà wúruwùru, ó sì fi ń bú àbúrò rẹ̀ títí ojú fi ń fọ́ lọ mọ́ ọkùnrin náà lórí.

Ẹni tí ojú rẹ̀ kì í fo nǹkan ni. Bí ọrùn ẹ̀wù bá fi bíńtín wọ́, láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni yóò ti rí i, yóò sì tú u, ì báà jẹ́ pé oníbàárà dúró tì í tó ń bẹ̀ ẹ́ pé ó ti dára bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá Tú-u-palẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Orúkọ náà kì í bí i nínú. Ó tilẹ̀ máa ń fi yangàn.

Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo ń wa ọkọ̀ fún ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kan. Òun ló gbé ẹ̀rọ géèmù wá sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, tó so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n tó wà láàárín àwọn aṣọ tí wọn kò tíì lọ̀. Ìtàn gidi ló wà nínú géèmù náà. Ọmọ òrukàn kan wọ ẹgbẹ́ ọ̀daràn ní ìlú ńlá kan, ó ń jíṣẹ́ fún ọ̀gá wọn, ó sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀, títí ọ̀gá náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ọ̀rẹ́ kan tó bá ọmọ náà dàgbà. Ṣé ọmọ náà yóò pa ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, àbí yóò gbé e sá? Ohun tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí fẹ́ mọ̀ nìyẹn, ọ̀sán Sunday ni wọ́n sì fi ń lé e. Àbúrò ló ń di páàdì tí wọ́n fi ń darí géèmù mú. Òun ló ń wakọ̀, òun ló ń yìnbọn. Ẹ̀gbọ́n ló ń pinnu irọ́ tí wọn yóò pa fún ọ̀gá àti ilẹ̀kùn tí wọn yóò gbà sá.

Ẹ̀gbọ́n sì ní òfin kan: wọn kò gbọdọ̀ ṣe aláìṣẹ̀ léṣe. Bí ọkọ̀ wọn bá fara kan ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n á pa iṣẹ́ náà tì, wọ́n á sì tún un bẹ̀rẹ̀ látòkèdélẹ̀.

"Bọ̀dá mi, ọ̀daràn ni wá nínú géèmù yìí o," àbúrò á ní. "Ilé ìtura la ṣẹ̀ṣẹ̀ dáná sun yẹn. Ẹnì kan ṣoṣo tí mo gbá létí títì ló wá ń dùn yín?"

"Ọ̀daràn náà lè mọ ọkọ̀ wà. Dá a padà."

Nígbà tó yá, ó wá burú. Kò sí iṣẹ́ tí wọ́n jáde lọ ṣe tí àbúrò kì í gbá ènìyàn: òǹtàjà ìwé ìròyìn, ìyá arúgbó, ọlọ́pàá tí kò tilẹ̀ wá wọn. Télọ̀ kíyè sí i pé apá òsì ni gbogbo wọn máa ń wà. Ó kíyè sí i dáadáa, nítorí ó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́.

"Kí làwọn ará apá òsì fi ṣe ẹ́ gan-an? Ṣé wọ́n gbà ẹ́ níyàwó ni?"

"Mi ò rí i, ẹ̀gbọ́n. Ó kàn ṣàdédé yọ ni."

"Ó ṣàdédé yọ! Odidi ìyá àgbà, pẹ̀lú agboòrùn pupa lọ́wọ́! Ojú ẹ dà? Àbí o fi yá ẹnì kan ni?"

Àbúrò á rẹ́rìn-ín, á ní kí wọ́n jẹ́ kí ìtàn máa lọ. Ẹ̀gbọ́n á kọ̀ jálẹ̀. Lọ́jọ́ kan, inú bí i débi pé ó já páàdì gbà, ó sì ní kí àbúrò lọ jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bàbá ọlọ́mọ náà lọ jókòó lóòótọ́. Ó káwọ́ gbera, ó ń wo ilẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ló fi ọkọ̀ búrẹ́dì ha òpó géètì ilé iṣẹ́ wọn. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní ó di dandan kó lọ yẹ ojú wò, ó sì bẹ télọ̀ pé kó bá àwọn lọ, torí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n nìkan ló máa ń wọ ọkọ òun létí.

Dókítà náà jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin tí kì í pariwo. Ó jókòó, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ti àbúrò. Ó fi páálí bo ojú ọ̀tún àbúrò.

"Ẹ máa wo imú mi, sà. Ẹ má wo ibòmíì. Tí ẹ bá ti rí ìka mi, ẹ sọ̀rọ̀."

Ó na ọwọ́ jìnnà sí apá òsì, ó sì ń mú ìka rẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Láti ibi tí télọ̀ jókòó sí, ó rí ìka náà kedere. Ó ń retí kí àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìka náà kọjá èjìká, ó kọjá etí, àbúrò dákẹ́. Ẹnu ń yún télọ̀ láti ta á lólobó, bí ẹni tó ń sọ ìdáhùn sétí ọmọ nínú ìdánwò. Ìka náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dé iwájú imú kí àbúrò tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ó ti dé!" Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó yege.

Dókítà ṣàlàyé. Omi inú ojú ni kò ráyè jáde dáadáa, ó wá ń fún iṣan ojú pa. Láti ẹ̀gbẹ́ ló ti máa ń jẹ ojú wá sí àárín, kì í dunni, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ni ojú kì í fi í mọ̀. Ti òsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ti ọ̀tún ti bẹ̀rẹ̀. Oògùn lè di èyí tó ṣẹ́ kù mú, ṣùgbọ́n èyí tó ti lọ kò ní padà.

"Ká ní ẹ tètè wá ni," ó ní. "Ṣé kò sí ẹni tó kíyè sí i pé ó máa ń kọlu nǹkan lápá kan?"

"Ó máa ń da ife omi nù," ìyàwó dáhùn. "Mo tiẹ̀ rò pé ó ti ń mutí ni, bẹ́ẹ̀ kì í mutí."

Dókítà yíjú sí télọ̀. Ọkùnrin tí kì í jẹ́ kí àṣìṣe ẹnikẹ́ni kọjá fi ahọ́n lá ètè, ó ní, "Rárá o. Mi ò kíyè sí nǹkan kan."

Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ kò dùn lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ó tú ṣòkòtò kan tí kò ní àléébù, ó rán an padà, ó tún tú u. Wọ́n fi àbúrò rẹ̀ sídìí dídi búrẹ́dì sínú ọ̀rá. Ó ń kán oògùn sójú láàárọ̀ àti lálẹ́, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ká ní ó bú òun ni, télọ̀ ì bá mọ ibi tí òun yóò gbé ọ̀rọ̀ náà gbà.

Sunday kan, àbúrò wọlé, ó fọwọ́ wá àga. "Ẹ jẹ́ ká parí ìtàn yẹn, ẹ̀gbọ́n, kí ti ọ̀tún yìí náà tó sọ pé ó dìgbóṣe. Ẹ̀yin lẹ máa wakọ̀."

Ó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó ń yí orí síhìn-ín sọ́hùn-ún bí adìyẹ tó ń wá àgbàdo. Nínú géèmù, ọ̀gá ti pàṣẹ pé kí wọ́n gbé ọ̀rẹ́ náà lọ sí èbúté kí àkókò tó pé. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti pinnu. Télọ̀ ń wakọ̀ bí ẹni tí ilẹ̀ ń yọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ náà ń béèrè láti ẹ̀yìn ọkọ̀ pé níbo ni wọ́n ń lọ.

"Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún ọ," télọ̀ ní.

"Ẹ wojú títì, bọ̀dá mi."

"Mo rí i. Gbogbo àwọn tó o gbá, mo rí i pé apá òsì ni wọ́n wà. Dókítà bi mí, mo sì purọ́."

Àbúrò kò yíjú.

"Ẹ rí i."

"Mo rí i."

"Ẹ sì ní kí n lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Télọ̀ ti tọ́jú èsì dè é, bóyá ó lè sọ pé kò burú, pé kádàrá ni. Àbúrò kò sọ ọ̀kankan nínú wọn.

"Ta ló wà lápá òsì báyìí?"

Télọ̀ dín eré ọkọ̀ kù. "Ọkùnrin kan. Ó gbé páálí lórí."

"Aṣọ wo ló wọ̀?"

"Kóòtù aláwọ̀ eérú. Kò bá a mu, èjìká rẹ̀ ti wálẹ̀ jù."

"Lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́?"

Télọ̀ dá ọkọ̀ dúró láàárín títì kó lè ríran dáadáa. Àwọn ọkọ̀ ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í fun fèrè. Lókè ojú tẹlifíṣọ̀n, àkókò tí ọ̀gá fún wọn ń tán lọ. Ó rí ìyẹn náà. "Obìnrin kan àti ọmọ rẹ̀," ó ní. "Wọ́n fẹ́ sọdá. Ọmọ náà ń fà sẹ́yìn, ìyá ń bá a wí." Ó ń bá a lọ, ó ń ka gbogbo wọn fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí àbúrò rẹ̀ kò tíì ní kó dákẹ́.