Ọjọ́ Tí Màmá Jókòó Sínú Wíìlì

Èmi gan-an ni mo ní ká má ti ọgbà náà pa. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ìyẹn.

Ọgbà ìṣeré ọmọdé ni, ní Festac, kò jìnnà sí Apple Junction, èmi ni mo sì ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà. A ní àwọn ẹṣin onígi tó ń yí po, a ní ilé onífẹ́fẹ́ táwọn ọmọ ń fò nínú rẹ̀, a sì ní wíìlì ńlá tó ń fi ìjókòó gbé èèyàn lọ sókè téńté, tí wàá fi máa wo òrùlé gbogbo Amúwo. Ṣùgbọ́n nǹkan ti gbó. Ẹsẹ̀ wíìlì ti dógùn-ún, ọ̀dà sì ti bó lára àwọn ẹṣin débi pé ọ̀kan ò lójú mọ́.

Ọ̀gá wa, obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, pè wá jọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan. Ó ní àtúnṣe ńlá ń bọ̀: ṣé ká ti gbogbo ọgbà pa ni, àbí ká máa tún apá kan ṣe káwọn ọmọ máa ṣeré ní apá kejì?

Bọ̀dá tó ń bá wa tún ẹ̀rọ ṣe, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ló kọ́kọ́ fèsì. "Ẹ tì í, Àǹtí. Tọ́mọdé bá wà níbi tí mo ti ń jó irin, ọkàn mi ò ní balẹ̀."

Mo dìde. "Bọ̀dá, ẹ má bínú. Kí la fẹ́ sọ fáwọn ọmọ tó ń wá ní gbogbo Sátidé? Ẹ jẹ́ ká na okùn sáàárín."

Àwọn yòókù pàtẹ́wọ́ fún mi. Inú mi dùn, mo tún gbérí sókè díẹ̀.

Sátidé àkọ́kọ́, àwọn ọmọ dé lóòótọ́, àmọ́ ẹṣin ń yí lófìfo. Gbogbo wọn ti lọ rọ̀ mọ́ okùn, wọ́n ń wo iná tó ń ta pàrà lọ́wọ́ Bọ̀dá. Mo ń lé wọn sẹ́yìn, wọ́n ń padà bọ̀.

Ibẹ̀ ni màmá àgbàlagbà kan ti bá mi. Abúlé Adó ló ti wá, ó fa ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́.

"Ọmọ mi, ìgbà wo ni ti ńlá yẹn máa yí?"

"Ó di oṣù tó ń bọ̀, Màmá."

"Háà! Torí ẹ̀ ni mo ṣe wá o. Ọmọ yìí ló sìn mí wá, kì í ṣe èmi ni mo sìn ín."

Mo rẹ́rìn-ín, mo yíjú sí àwọn tó kàn. Nígbà tí mo máa wẹ̀yìn, ọmọ náà nìkan ló dúró, ó ń nàka. Màmá ti gbé okùn sókè, ó ti kọjá. Ó ti jókòó sínú ọ̀kan lára ìjókòó wíìlì tí wọ́n tú sílẹ̀, ó pa ilẹ̀kùn kékeré ibẹ̀ dé, ó ń jẹ gúgúrú. Bọ̀dá, tó ti fi nǹkan bojú, ń gbé iná bọ̀ lẹ́yìn ìjókòó yẹn gan-an.

Mo pariwo. Bọ̀dá pa iná, ó ṣí ojú, òun àti Màmá sì wo ara wọn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Màmá wí. "Ṣé ó ti fẹ́ gbéra ni?"

Bọ̀dá jókòó sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì ṣílẹ̀kùn kékeré náà, mo fa Màmá jáde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo lọ bá Àǹtí. "Mo ṣàṣìṣe, mà. Ẹ jẹ́ ká tì í."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀ pátá."

A tì í. Èmi ni mo kọ pátákó ẹnu ọ̀nà, èmi náà ni mo kun ojú fún ẹṣin tí kò lójú. Ojú náà tóbi jù, ó dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ìròyìn. Àwọn ọmọ ń yọjú sí mi láti àlàfo géètì: "Ṣé ó ti ṣeé wọ̀?" Odindi ọjọ́ méjì ni Bọ̀dá fi kó àpò iyẹ̀pẹ̀ sínú ìjókòó wíìlì láti dán an wò, tó ń yí wọn lọ, tó ń yí wọn bọ̀.

Lọ́jọ́ tá a ṣí i, èrò tò dé títì. Mo ti gba nọ́ńbà Màmá, mo sì ti pè é. Òun àti àwọn ìyá mẹ́ta láti ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ló dé. Nígbà tí wọ́n dókè, a gbọ́ ohùn rẹ̀: "Mo rí òrùlé wa o!" Ìyá kan di ojú, ó ń pe Jésù.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, Màmá kọ̀, kò dìde. Ó na ọwọ́ mú Bọ̀dá. "Wá jókòó tì mí, ìwọ tó fẹ́ dáná sun mí."

Bọ̀dá wò mí bíi pé kí n gba òun sílẹ̀. Mo ṣílẹ̀kùn fún un, mo pa á dé, a sì ń pàtẹ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń gòkè lọ.