Mo-Kín-in-Lẹ́yìn àti Ìwé Tí Kò Kà

Kò sẹ́ni tó rántí orúkọ tí ìyá ọ̀rẹ́ mi sọ ọ́ mọ́. Mo-Kín-in-Lẹ́yìn ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Télọ̀ ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló kan ṣọ́ọ̀bù tí èmi ti ń tún bàtà ṣe, pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló sì dá wa sí méjì. Bó bá sín nínú tirẹ̀, èmi ni mo ń nu imú nínú tèmi.

Ohùn ló fi gba orúkọ náà. Bí ọkùnrin yẹn bá kí ọ láàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi, ó di ọ̀sán kí etí rẹ tó sinmi. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ńlá kan tó ń ṣe ọṣẹ ní kí aráàlú wá ra ìpín, àwa méjèèjì rà níbẹ̀. Ìpín wa ò ju ohun tí eku lè gbé sá lọ, ṣùgbọ́n onípìn-ín ni onípìn-ín ń jẹ́. Lọ́dọọdún, wọ́n á pè wá sí gbọ̀ngàn kan tí ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ máa ń mú kí eyín èèyàn máa lu ara wọn. Alága á gbé ìwé ìṣirò ọdún sókè, ìwé tó nípọn, tó ń dán bí ojú dígí. Á ní, "Ta ló dábàá pé ká gba ìṣirò yìí wọlé?" Ẹnì kan á dábàá. "Ta ló kín in lẹ́yìn?"

"Mo kín in lẹ́yìn!"

Ọ̀rẹ́ mi nìyẹn. Lọ́dún àkọ́kọ́ tó lọgun bẹ́ẹ̀, àga mẹ́ta ló ṣubú. Ó dáa, ẹyọ kan ni, ẹni tó jókòó sórí rẹ̀ sì ti ń tòògbé tẹ́lẹ̀. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Alága fúnra rẹ̀ wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ń pín agboòrùn àti páálí ọṣẹ lẹ́nu ọ̀nà, méjì-méjì ni wọ́n fún un. Bẹ́nu bá sì ti jẹ, ojú á tì. Ọdún mọ́kànlá gbáko ló fi kín in lẹ́yìn. Lọ́dún kan, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìntì nawọ́ pé òun fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ nípa ojú-ìwé kan. Kó tó la ẹnu, ọ̀rẹ́ mi ti kígbe. Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, tíṣà rọra jókòó. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì pàtẹ́wọ́. Ọṣẹ wọn ni mo ṣáà fi ń fọ ṣòkòtò mi.

Ọ̀rẹ́ mi ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tó ju àwa méjèèjì lọ, nọ́ọ̀sì tó fi ọdún márùndínlógójì tọ́jú aláìsàn. Obìnrin náà kì í ṣeré. Bó bá fún ọ lóògùn, á ní kó o la ẹnu kí òun rí i pé o ti gbé e mì. Nígbà tó gba owó ìfẹ̀yìntì, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló fi ra ìpín ilé-iṣẹ́ ọṣẹ.

"Kí ni mo tún fẹ́ wádìí?" ló sọ fún mi níwájú ṣọ́ọ̀bù. "Àbúrò mi ló ń kín in lẹ́yìn. Kò lè fọwọ́ sí ohun tí kò dáa."

Ọ̀rẹ́ mi wà nídìí ẹ̀rọ. Ó gbọ́. Ó tẹ ẹ̀rọ náà kíkankíkan, bí ẹni tí oníbàárà dúró tì.

Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn tí ilé-iṣẹ́ náà wó. Ọjà tí wọ́n kọ sínú ìwé pé àwọn tà, wọn ò tà á. Àwọn oníbàárà tí wọ́n ní wọ́n jẹ àwọn ní gbèsè, kò sẹ́ni tó rí wọn rí. Ìpín tí ẹ̀gbọ́n rà ò wá tó owó abẹ́rẹ́ mọ́. Àjọ tí ìjọba yàn láti máa ṣọ́ irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, lẹ́tà wọn sì dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi: kó wá sọ ohun tó mọ̀, kó sì kó àwọn ìwé ìṣirò tí wọ́n fún un dání.

"Ibo lo kó wọn sí?" mo bi í.

Ó wo ògiri. Èmi náà wo ògiri. Pátánì, bébà tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ gé, ló kún orí ìṣó níbẹ̀, ti kọ́là, ti apá, ti àpò, gbogbo wọn ló ń dán. Mo yọ ọ̀kan, mo yí i padà. Alága ló wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ti gé e láti etí kan dé èkejì.

"O fi ìwé ìṣirò gé kọ́là?"

"Bébà wọn le dáadáa," ó ní. "Kì í tètè ya."

A kó gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, a ń to apá mọ́ kọ́là bí ẹni tó fẹ́ rán ẹ̀wù fún òmìrán. A wá ń kà á, ìka lórí ọ̀rọ̀. Lára kọ́là ọkùnrin ọlọ́rùn gbọọrọ kan la ti bá lẹ́tà àwọn ọ́dítọ̀, àwọn tó ń yẹ ìwé owó wò. Wọ́n ní àwọn wá ẹ̀rí gbèsè tí ilé-iṣẹ́ ní àwọn oníbàárà jẹ òun, àwọn ò rí i; kí onípìn-ín kíyè sára. Ọdún tí ẹ̀gbọ́n ra ìpín gan-an ni. Láti ìgbà náà ló ti wà lórí ìṣó, lókè orí ọ̀rẹ́ mi.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àjákù aṣọ.

"Sọ pé eku jẹ ẹ́," mo ní. "Eku ńlá. Màá jẹ́rìí sí i, mo ti ń rí ìrù rẹ̀ báyìí."

"Ẹ̀gbọ́n mi á wà níbẹ̀. Owó ti lọ, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá mọ̀ pé mi ò ka ìwé yẹn rí, kò ní fojú èèyàn wò mí mọ́ láyé."

Yàrá kékeré ni wọ́n ti jókòó ṣe ìwádìí. Obìnrin tí àjọ náà rán wá kì í gbé ohùn sókè.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ kín ìṣirò yìí lẹ́yìn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni." Ohùn tó ń ṣubú lu àga kò kọjá etí tábìlì.

"Ṣé ẹ kọ́kọ́ kà á?"

"Mo… mo yẹ̀ ẹ́ wò."

"Kí ni àwọn ọ́dítọ̀ kìlọ̀ nínú rẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá dìde lẹ́yìn wa. "Má dà á láàmú, ọmọ mi. Àbúrò mi kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó kà á. Torí pé ó kà á ni mo ṣe rà á."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa á. Ó ṣí àpò rẹ̀, ó ń tẹ́ àwọn bébà náà sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, kọ́là, apá, àpò.

"Mi ò kà á. Ọdún mọ́kànlá, mi ò ka ojú-ìwé kan. Ẹ̀wù ni mo fi ń gé. Tíṣà kan fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀, èmi ni mo pariwo bò ó mọ́lẹ̀."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sì dákẹ́ lójijì. Obìnrin àjọ náà ò rẹ́rìn-ín. Ó yí kọ́là náà padà, ó kà á láti òkè délẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé.

Lórí àtẹ̀gùn níta, ọ̀rẹ́ mi di etí bùbá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú bí ọmọ ọdún mẹ́fà. "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Ṣé o mọ̀ pé mo mọ̀wé kà?" Kò pariwo. "Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ka ìwé aláìsàn, nọ́mbà kan ò ṣì mí lọ́wọ́. Ká ní o sọ fún mi pé o ò kà á, ǹ bá kà á fúnra mi."

Ó yíjú sí mi. "Ìwọ tó ń pàtẹ́wọ́ ńkọ́? O kà á?"

Irọ́ mẹ́ta tó dára ló ti wà lẹ́nu mi. Mo gbé wọn mì. Mo sọ fún un pé ẹsẹ̀ ibùsùn mi kan kúrú, abẹ́ rẹ̀ ni mo kó tèmi sí.

Ó mi orí. Ó di irin àtẹ̀gùn mú, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún. Àwa méjèèjì na ọwọ́ láti dì í mú, kò sì gbà kí ẹnì kankan nínú wa fọwọ́ kan òun.